Oògùn Àjẹsára Pẹ̀lú Kọfí Gbígbóná

"Màámi, omi tútù lẹ fi gbé e mì, àbí?"

Raili Kettunen gbójú kúrò lára fóònù. Ó wo àjà, ó wo yìnyín tó bo fèrèsé, ó wá wo Veijo ọkọ rẹ̀ tó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Outi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló ń bi í léèrè láti Pune nílẹ̀ Íńdíà, oyún sì ti yọ síwájú rẹ̀ gọngọ.

"Omi ni," ni Raili dáhùn. "Kí ni ǹ bá tún fi gbé e mì? Ọtí?"

"Ẹ ṣeun, Màámi. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ò lọ ládùúgbò yìí ni mo ṣe ń bi yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá dùbúlẹ̀ àìsàn síbí, kí n máa gbé ọmọ lọ́wọ́ kan, kí n máa gbé yín lọ́wọ́ kejì."

"Ta ló lè fi ọwọ́ kan gbé mi? Wọ́n á wá katakata ni!"

Ìyá àtọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí fóònù ṣe kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín kú lẹ́nu Raili. Veijo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kọfí ni," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Kọfí gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú mi ló ṣe."

"Mo ní mo mọ̀, Veijo! Ṣé o fẹ́ fi kọrin ni?"

Ní Kuopio, ìlú òtútù tí wọ́n ń gbé, ta ló ń fi omi tútù gbé oògùn mì láàárín òtútù? Oògùn ẹ̀fọ́rí, kọfí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kọfí. Ìjà tọkọtaya pàápàá, kọfí ni wọ́n fi ń gbé e mì. Nọ́ọ̀sì kúkú ti ṣàlàyé fún un pé kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú hóró oògùn àjẹsára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, pé ààyè ló gbọ́dọ̀ dé inú ikùn kó tó lè kọ́ ara ní ìjà, pé nǹkan gbígbóná ò gbọdọ̀ kàn án. Raili ń mi orí, àmọ́ kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ lára àwọn abẹ́rẹ́ inú àwo.

Nítorí abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló ṣe yan oògùn alágbèémì. Obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ìkòkò ọbẹ̀ ńláńlá ní ilé ìdáná ilé ìwé, tó ń fi igi kan ṣoṣo pa ẹja létí adágún, bó bá ti fojú kan abẹ́rẹ́, ó di gbì-ì! Dókítà ló ṣubú lù gbẹ̀yìn. Ó fọ́ awò ojú ọkùnrin náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọkùnrin náà mọ́ ọn.

Ó pe ilé ìwòsàn. Jonna, nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, ló gbé e.

"Gbígbóná kẹ̀, Mama? Ẹ ti se kòkòrò inú rẹ̀ jinná nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ n tún un lò látìbẹ̀rẹ̀."

"Ọkọ̀ òfuurufú yín ò ní dúró dè é. Abẹ́rẹ́ ló kù. Òun náà ń fẹ́ àkókò díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó sàn ju ọwọ́ òfìfo lọ. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé."

"Màá rò ó," ni Raili wí, ó sì pa fóònù bí ẹni pé ó jó o lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Veijo jókòó nínú sáúnà, yàrá ìwẹ̀ olóoru ilé wọn, ìhòòhò ọmọlúàbí. Ooru mú, ṣùgbọ́n òógùn tó ń bọ̀ lára Raili kì í ṣe ti ooru nìkan.

"Outi ò ní mọ̀," ó wí.

Veijo da omi sórí òkúta gbígbóná inú rẹ̀. Omi náà pariwo ṣàà.

"Àìmọye èèyàn ló ń lọ síbẹ̀ láìgba nǹkan kan, tí wọ́n sì ń bọ̀ wálé."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Tí mo bá sì ṣàìsàn, ara tèmi ló dùn mí."

Veijo fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tó o bá débẹ̀, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún Outi?"

"Èmi ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

"Ta ni yóò máa wẹ ọmọ?"

"Èmi ni ná."

Ó tún da omi, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Raili wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé lé itan. Alásè ni, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ pé àìsàn inú kì í fẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ ló ń gùn dénú ìkòkò, inú ìkòkò ló sì ti ń dé ẹnu ẹlòmíràn.

"Òpònú," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ìgbà tó o bá dákẹ́ lo burú jù."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó wọ bàtà, ó pe Outi. "Kọfí ni mo fi gbé e mì. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Outi kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, mo mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe yín. Tẹ́ ò bá lè gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé. Mi ò ní bínú."

Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n kó tó sọ ọ́ tán. Raili ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Nílé ìwòsàn, bí Jonna ṣe gbé àwo jáde, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilẹ̀kùn ò jìnnà.

"Ẹ jókòó, Mama."

Raili kò jókòó. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórúnkún kan, ó kérora, ó kúnlẹ̀ ti èkejì, ó wá na ara gbọọrọ sórí ilẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Bẹ́ẹ̀dì ń bẹ níbí o!"

"Bẹ́ẹ̀dì ga. Mo ti já látorí bẹ́ẹ̀dì rí. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ kì í ṣubú mọ́. Ìwọ náà sọ̀kalẹ̀ wá, ọmọ mi."

Jonna wo ilẹ̀kùn, ó wo obìnrin náà, ó kó àwo rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Raili di ojú pinpin. Ó na apá òsì, ó fà á padà, ó tún un nà.

"Má ka ení, èjì, má sì kìlọ̀ fún mi," ó wí. "Ṣáà tètè mú apá yìí kó tó sá."

Apá náà kò sá.