Kọ́tìnì Pupa Abẹ́ Páànù

Ó ti sú mi kí wọ́n máa pè mí ní eléré inú pápá. Láti kékeré ni mo ti ń ṣeré jatra káàkiri abúlé. Àárín èrò la máa ń dúró sí, èèyàn á yí wa ká, ewúrẹ́ náà á wá wòran. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa tún ilé sinimá Kishorganj tó ti kú ṣe, mo fàáké kọ́rí pé iwájú, níbi aṣọ funfun tí sinimá máa ń hàn lára rẹ̀, la ó mọ pèpéle sí, bíi tàwọn ará ìlú ńlá. Èmi fúnra mi ni mo rán kọ́tìnì pupa rẹ̀.

Ọ̀gá kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ẹ̀yìn pátápátá ni màá jókòó sí. Bí mo bá gbọ́ yín, ilé di tiyín. Bí mi ò bá gbọ́, àwọn alálùbọ́sà tó fẹ́ máa kó ọjà síbẹ̀ ló ni ín."

Àwọn ará ìlú jókòó sórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ eré ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ni òjò bá dé, òjò oṣù Srabon tí kì í gbẹ̀bẹ̀, ó ń lu páànù. Mò ń pariwo, àmọ́ ara mi ò gbàgbé pápá: bí mo bá sọ̀rọ̀ kan síwájú, màá yí padà sọ èkejì sẹ́yìn.

Haradhan, àgbà aláwàdà ẹgbẹ́ wa, yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. "Nilufa, ṣé ògiri ló jí ọmọ ẹ gbé ni?"

Ọ̀gá ti ń dìde. Inú bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró láàárín gbọ̀ngàn.

"Ẹ yí àga yín, ẹ kọjú sí mi."

"Kọ́tìnì ńkọ́?" Haradhan bi mí.

"Bọ̀dá, ẹ fi kọ́tìnì sílẹ̀ jàre."

Mo sọ̀rọ̀ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá jókòó padà. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá náà ti ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá nu ojú, ó ní òógùn ni.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ilé ti di tiyín. Àmọ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí páànù yẹn."

Lọ́jọ́ kejì mo gun àkàbà, mo ta kọ́tìnì mi sábẹ́ páànù kí ariwo òjò lè rọlẹ̀. Haradhan di àkàbà mú, ó lóun ò rí kọ́tìnì tí kì í ṣí rí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Òjò tún ń rọ̀ lónìí. Àárín ni mo wà, èèyàn yí mi ká, wọ́n sì ń gbọ́ mi.