Ìsédò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò!"

Lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀ ló figbe ta bẹ́ẹ̀. Alága fúnra rẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tí òkè ìsédò tí wọ́n gùn ti jẹ́ kó máa mí hẹlẹ, kàn fẹ́ fara ti nǹkan kó lè sinmi díẹ̀ ni. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí wọ́n máa ń yí láti ṣí ìlẹ̀kùn omi. Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ ba ẹyin iná.

Lọ́yà iléeṣẹ́ tábà rẹ́rìn-ín lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. "Ẹ ò bá jẹ́ kó fara tì í jàre. Ẹjọ́ ì bá ti tán lónìí."

Adájọ́, tó kó wọn wá wo ibi tí ẹjọ́ dá lé, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó dé akẹtẹ̀, ó sì ti yọ bàtà kó má bàa yọ̀ ṣubú. Ó wo kẹ̀kẹ́ irin tó ti dípẹtà, ó wo omi adágún tó kún dẹ́dẹ́ sí eteetí, tí kò mira, tí àwọn òkè yí ká bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn.

"Ta ló ṣí i gbẹ̀yìn?"

"Kì í ṣe àwa, Olúwa mi," ni lọ́yà méjèèjì jọ wí lẹ́nu kan náà.

Chansom, tó dúró lẹ́yìn wọn tó gbé àwo tí ife omi koríko ọba tútù wà lórí rẹ̀ dání, bu ẹ̀rín sínú. Obìnrin yìí ló ni ilé oúnjẹ orí omi tó sún mọ́ ìsédò jù lọ, ilé ọparun tí wọ́n kọ́ sórí àwọn àgbá òfìfo tó léfòó, níbi tó ti ń yan ẹja fún àwọn tó wá gbafẹ́.

Ẹjọ́ náà kò le láti ròyìn. Iléeṣẹ́ tábà kan ló fi yẹ̀pẹ̀ kọ́ ìsédò Huai Lom láti dí odò nígbà tí ìyá Chansom ṣì jẹ́ ọmọge, kí omi lè wà fún oko wọn. Nígbà tó yá, tábà kò tà mọ́, iléeṣẹ́ kó ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ti fa ìsédò lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, pé àwọn ṣe ayẹyẹ, àwọn mọ́ńkì inú tẹ́ńpìlì gbàdúrà sí i, gbogbo ènìyàn sì jẹun. Ìjọba ìbílẹ̀ ní lóòótọ́ ni àwọn jẹun, àmọ́ àwọn kò gba ìsédò. Nígbà tí ara ògiri rẹ̀ wá ń là, tí ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rin, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́, pé kí ẹni tó ni ín fa omi rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn lọ́yà ti kìlọ̀ fún oníkálukú pé ẹni tó bá fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ́nrẹ́n ti gbà pé òun lòun ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn omi ṣe wà ní títì, tí òjò ń rọ̀, tí adágún sì ń kún sí i.

Kò dun Chansom. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ ọn. Bí omi bá ti ga, ilé oúnjẹ rẹ̀ náà a ga. Àwọn àlejò láti ìlú ńlá Chiang Mai a na ara wọn sórí ẹní, wọn a ju ẹsẹ̀ sínú omi, oorun a gbé wọn lọ, bí wọ́n bá sì jí, wọn a ní àwọn ò mọ ìdí tí àwọn fi ń gbé orí ilẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fongkham, wà lára àwọn àgbẹ̀ tó pẹjọ́. Ó wà lórí ìsédò lọ́jọ́ náà, ó dúró lódìkejì kẹ̀kẹ́ irin. Chansom gbé omi fún adájọ́, ó gbé fún lọ́yà méjèèjì, ó gbé fún alága. Nígbà tó máa fi kan Fongkham, ife ti tán.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ni Fongkham wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bo orí omi débi pé Chansom ò rí etí ilé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, Saengla, jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, ó fi ewé tíì kíkan há ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìṣe àwọn àgbà. Abúlé tí wọ́n bí ìyá náà sí wà nísàlẹ̀ adágún yìí, ìgbà tí wọ́n dí odò ni omi bo gbogbo rẹ̀.

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dáná," ìyá wí. "Wo èéfín wọn."

"Ìkùukùu ni, Màmá."

"Mo mọ èéfín ilé wa." Ó jẹ ewé rẹ̀ díẹ̀. "Gbé ọbẹ̀ ọ̀mùnú ọparun yìí lọ fún àbúrò rẹ."

"Mi ò lọ. Ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ omi lábẹ́ ibùsùn mi, ni mo fẹ́ máa gbé ọbẹ̀ fún?"

"Chansom. Ikùn kan ṣoṣo ni mo fi bí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ wá ń rán lọ́yà kí ara yín. Gbé ọbẹ̀ lọ."

Ó gbé e lọ. Fongkham kò sí nínú ilé, ó wà lóko. Abẹ́ àwọn igi eléso lamyai tutù, ó sì dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń kán sílẹ̀ láàárín ewé bí ẹni pé òun náà lómi nínú. Bí Chansom ṣe ń rìn lọ ló gbọ́ ohùn omi. Láàárín igi méjì, omi kan ń sun láti inú ilẹ̀, ó ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, labalábá funfun sì ń fò lórí rẹ̀. Ẹnìkan ti so aṣọ aláràbarà mọ́ igi tó wà létí ìsun náà, wọ́n gbé òdòdó àti ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì síwájú rẹ̀. Fongkham jókòó sórí àpáta, ó ń wò ó.

"Ta ló so aṣọ?" Chansom bi í.

"Àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní ìbùkún ni. Wọ́n ní àwọn ẹlòmíràn ń gbẹ́ kànga, ilẹ̀ tiwa ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún wa."

"Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí mò ń ká èso, omi yìí mọ́ bíi dígí. Ẹ wò ó báyìí."

Chansom wò ó. Ó ti pọ́n, ó ti ki, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

"Yẹ̀pẹ̀ inú ìsédò ló ń kó bọ̀," ni Fongkham wí jẹ́jẹ́. "Díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ láti inú."

"Kí ló wá dé tí o ò kó jáde níbí?"

"Kí n gbé igi lamyai lérí, kí n gbé sàréè bàbá àwọn ọmọ mi há abíyá? Ibo ni kí n kó gbogbo rẹ̀ dà sí, lórí omi yín?"

Chansom bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ìsun. Omi náà tutù. Òórùn kan gòkè wá bá a, òórùn ewéko omi, ti ẹja, ti ọparun tó ti pẹ́ nínú omi. Ó mọ òórùn náà. Òun ló máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀ wọlé bá a ní gbogbo òwúrọ̀ kó tó lajú. Ojú rẹ̀ ń wúwo. Ó dà bí ẹni pé ó rí ara rẹ̀ tó sùn sórí omi lókè lọ́hùn-ún, tó rí Fongkham tó sùn nísàlẹ̀ níbí, omi kan náà lábẹ́ ọ̀kan àti lókè èkejì, tí kò sì sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì ju erùpẹ̀ lọ, erùpẹ̀ tó ń yọ́ bíi ṣúgà.

"Fongkham."

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ọbẹ̀ Màmá ti tutù. Jẹ́ ká lọ gbé e kaná."

Wọ́n jẹun, wọn kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ìgbà tí Chansom ń wọ sálúbàtà láti máa lọ ló béèrè ọ̀pá irin tí ọkọ Fongkham fi máa ń hú kùkùté nígbà ayé rẹ̀.

"Ó wà lẹ́yìn ilé. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbé e wá bá mi lókè."

Ìkùukùu ò tíì ká nígbà tí Fongkham dé. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń da òróró tó fi ń dín ẹja sójú irin kẹ̀kẹ́ náà, tó ń fi àkísà pa á bí ẹni tó ń fi òróró pa ara ọmọ. Fongkham wo kẹ̀kẹ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá wo ilé oúnjẹ tó ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ nínú funfun yẹn.

"Ẹ mọ̀ pé ilé oúnjẹ yín..."

"Mo mọ̀. Tì í."

Wọ́n ki ọ̀pá bọ àárín kẹ̀kẹ́, wọ́n tì. Kò mira. Wọ́n tún tì. Fongkham ní ó kù díẹ̀ kí òun bí ọmọ míì síbẹ̀, Chansom bú sẹ́rìn-ín, agbára sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní láti sinmi. Lẹ́yìn náà ni irin náà dún bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó yí. Wọn ò rí omi náà nítorí ìkùukùu, àmọ́ wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbọ̀ngàn.

"A ti di ẹlẹ́wọ̀n," ni Fongkham wí.

"Wọn á jẹ́ ká jọ wà ní yàrá kan."

Omi ń fà lójoojúmọ́. Ilé oúnjẹ Chansom jókòó sórí ẹrẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn àlejò sì yí ọkọ̀ wọn padà. Inkham, tí ilé oúnjẹ orí omi tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wá dúró níwájú ilé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Chansom, o ti fẹsẹ̀ da ọbẹ̀ gbogbo wa nù! Kí n wá sọ fún àwọn àlejò mi pé kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀?"

"Bínú, Inkham, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ lọ wo ìsun tó wà lóko Fongkham kó o tó bínú tán."

Ó lọ. Nígbà tó padà, ó mú okùn, ó bá Chansom so ilé rẹ̀ mọ́ igi kó má bàa dà wó. Ìyá ní tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pákó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi ọ̀pá tẹ ẹrẹ̀ tó ti ń gbẹ lọ, ó dúró síbì kan tí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn, ó ní, "Ẹnu ọ̀nà wa rèé." Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ó ń kí àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Ìwé ìpè dé bá Chansom láti ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ ẹjọ́ náà òjò ń rọ̀ gan-an lórí páànù, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa dún bí èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde.

"Olúwa mi, obìnrin yìí ṣí ìlẹ̀kùn omi láìgbàṣẹ. Ó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yẹ kó jìyà."

"Fún ìgbà àkọ́kọ́, Olúwa mi," ni lọ́yà iléeṣẹ́ tábà wí, "èmi àti ẹnìkejì mi fohùn ṣọ̀kan."

Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láìgbàṣẹ ta ni?"

Lọ́yà méjèèjì yíjú wo ara wọn.

"Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo olè. Èwo nínú yín ni wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀?"

Lọ́yà iléeṣẹ́ tábà rọra jókòó. Èkejì rẹ̀ ń wá bírò tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Adájọ́ yíjú sí Chansom. "Ẹ̀yin ńkọ́, màmá? Lọ́wọ́ ta lẹ ti tọrọ àṣẹ?"

"Ojú mi ni gbogbo wọn ṣe sọ pé kì í ṣe tàwọn, Ẹ̀yin Adájọ́. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ sì mọ̀ pé ilé oúnjẹ tiyín ló kọ́kọ́ máa jókòó sínú ẹrẹ̀?"

"Ó ti jókòó, ma. Ó tilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Téèyàn bá gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀ báyìí, fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ tábìlì."

Ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu adájọ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé bò ó. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí omi adágún náà tún ga títí ẹjọ́ yóò fi parí, pé Chansom kò jẹ̀bi ohunkóhun níwájú òun. Kò sọ ẹni tó ni ìsédò. Ó sún ẹjọ́ síwájú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ènìyàn ń dúró kí òjò dá. Chansom fara ti ògiri, ara rẹ̀ fúyẹ́, oorun ń kùn ún. Ìgbà tó lajú, alága ìjọba ìbílẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó kí i, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni tó ń kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "òjò yìí mà pọ̀ o. Wọ́n ní odò ìsàlẹ̀ ti ń sún mọ́ afárá. Ṣé... ṣé ẹ máa dín ìlẹ̀kùn yẹn kù díẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ bó ṣe wà?"

Chansom wẹ̀yìn wò kó lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ògiri ni. Lọ́yà iléeṣẹ́ tábà, tó ti ń ṣí agboòrùn láti máa lọ, dá ọwọ́ dúró, òun náà tẹ́tí. Ó wá ń yé Chansom díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ojú oorun bọ̀, pé àṣẹ ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń dúró gbà lẹ́nu òun tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Fongkham ń bá obìnrin kan ná àgbàdo sísun, ó ti mú méjì.

"Ẹ ní sùúrù," ni Chansom wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò mi."