Clive Hinchliffe àti Orúkọ Ìnagijẹ Àwọn Ère Ìlú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, Clive Hinchliffe dìde láti lọ po tíì, àfi bí ó ṣe bá ara rẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná. Nígbà tí Glenys ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ojú ọkùnrin náà mọ́ kedere. Ó mọ ẹni tó dúró ti òun, ó sì mọ ibi tí òun wà. Ó fẹ́ sọ pé kí ó gbé òun dìde, ṣùgbọ́n “ṣíbí” ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ṣíbí náà ni.

Rọpárọsẹ̀ ni. Láàárín oṣù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ sípò, apá ọ̀tún náà sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò padà wá. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ ló ń yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́ fèsì, yóò wá ilẹ̀kùn, ẹṣin ni yóò bá a pàdé lẹ́nu. Ìgbà mìíràn, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, ẹnu á kàn là sílẹ̀ bí ilé tí àwọn ayálégbé ti kó kúrò.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Clive fi pín lẹ́tà láàárín ìgboro Sheffield kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ilé ìtajà tí kò mọ ẹni tó ni ín, kò sì sí akọ̀wé kan tí ó lè gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má gba ẹ̀fẹ̀ kan mọ́ ọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá di ẹni tí ń sá gun àtẹ̀gùn lọ sókè bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún. Glenys á dá àwọn àlejò lóhùn pé ó ń sùn. Ó sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé kò sùn.

Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ruksana ni ilé ìwòsàn yàn láti máa wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń kó àwọn káàdì kan dání tí wọ́n ya àwòrán sí: èso ápù, àga, ajá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé àwòrán ajá sókè.

“Ọ̀gbẹ́ni Hinchliffe, kí ni èyí?”

Clive wo ajá náà, ajá náà wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá gbogbo káàdì náà dà sílẹ̀.

“Clive,” Glenys sọ, “ṣé ojú ò tì ẹ́ ni?”

“Ẹ má bá wọn wí, màá,” Ruksana dáhùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa káàdì rẹ̀. “Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ǹ bá ti dà wọ́n nù.” Ó wá kọjú sí Clive. “Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọmọdé, sà. Tí àwòrán tèmi ò bá wù yín, ẹ lọ ya tiyín wá. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú ni kẹ́ ẹ yà.”

Clive yíjú sí fèrèsé. Láti ilé wọn ní Walkley, lórí òkè, ènìyàn lè rí òrùlé àárín ìlú nísàlẹ̀ àfonífojì. Ó na ìka sí i.

“Ìgboro lo fẹ́ lọ?” Glenys bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta nìyẹn tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Glenys wá kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé lọ sí etí òkun jáde, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, wọ́n sì bọ́ọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìlú. Ọwọ́ òsì ni Clive fi ń ya fọ́tò. Àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ń gbọ̀n bí ẹni pé ilẹ̀ mì. Nínú ìkọkànlá, ìka rẹ̀ bo ìdajì ilé aago.

“Ọ̀gá ayàwòrán,” Glenys sọ bó ṣe ń wò ó, “nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ìka ẹ ló gún régé jù.”

Clive fẹ́ bínú. Ó tiẹ̀ ti wọ aṣọ ìbínú lójú tán. Ṣùgbọ́n ó tún wo fọ́tò náà, ó rí ìka ńlá tó dúró bí ìjòyè láàárín ìgboro, ẹ̀rín sì gbá a mú. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí ibi tí omi ti ń ta sókè láti inú ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín títí tí ẹyẹlé fi sún mọ́ wọn láti mọ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

Wọ́n tẹ fọ́tò mẹ́wàá tó dára díẹ̀ jáde, Glenys sì lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le. Nígbà tí Ruksana dé, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ère ọkùnrin oníhòòhò tó dúró lórí òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

“Kí ni èyí, sà?”

“Bọ́tà,” Clive sọ, ó sì fi ìkúùkù gbá orúnkún ara rẹ̀.

Ilé aago ńkọ́? Ó wá orúkọ rẹ̀ tì. Ruksana tún ṣí ojú ewé kan. Ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ló wà nínú fọ́tò yìí, gíga ni, páànù ni wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀, ara páànù náà sì yọ gọ́ngọ́ gọ́ngọ́, ó ní ojú bí ohun tí ènìyàn lè fi rin gbágùdá. Ruksana kò tíì la ẹnu tí Clive fi sọ pé:

“Wàràkàṣì.”

Glenys, tó ń nu àwo, dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ,” Ruksana sọ jẹ́jẹ́.

“Páànù… tí wọ́n fi ń rin… wàràkàṣì.”

“Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo ìlú,” Clive dáhùn, bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni kò ti sí ará Sheffield kan tí ń fi orúkọ mìíràn pè é.

Ruksana pa ìwé náà dé, ó tún ṣí i, ó sì dà bí ẹni tó ń ronú. “Mi ò lè ṣe ìlérí kankan fún yín,” ó sọ, “àmọ́ ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti fi rẹ́rìn-ín rí ò bá àwọn tó kù sá lọ. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tọkọtaya náà á lọ sí ìgboro. Èyí tó bá ti ní orúkọ ìnagijẹ, Clive á wá a jáde látinú orí rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin orí òrùlé di Gbàgbé-Ṣòkòtò. Ògiri irin gígùn tó wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, tí omi ń ṣàn lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, di Irin-tó-ń-wẹ̀. Ìgbà mìíràn Clive á dúró níwájú ère kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètè rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, Glenys á sì gbé ojú lọ síbòmíràn bí ẹni tí kò kánjú. Ó ti kọ́ pé bí òun bá bá a mú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà kì í di tirẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi parí, fọ́tò ọgọ́ta ti wà nínú ìwé náà, ó sì lè pe mọ́kànlélógójì nínú wọn láìṣì.

Lọ́jọ́ kan, Glenys fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Barnsley. Clive wọ aṣọ òjò, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

“Níbo?” Glenys bi í.

“Èmi… lọ.”

“Ìwọ nìkan? O ò lọ síbì kankan. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ ní ìbéèrè ńkọ́?”

Clive fi ọwọ́ lu àpò aṣọ rẹ̀, níbi tí ìwé náà wà. Wọ́n wo ara wọn. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé, Glenys sì mọ ìgbà tí àríyànjiyàn ti parí. Ó tún bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní kí ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Clive yà sí àdúgbò kan létí odò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun sí. Níwájú ọ̀kan, wọ́n to òkúta ńlá mẹ́ta léra, èyí tó wà láàárín pupa. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó yà á láti iwájú, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn láti yà á pẹ̀lú ilẹ̀kùn ilé náà nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan jáde wá.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń yà níbí?”

Clive la ẹnu. “Ẹṣin,” ó sọ.

“Ẹṣin wo?”

“Ṣíbí. Rárá. Ẹṣin.”

Ẹ̀ṣọ́ náà sún mọ́ ọn, ó fa imú. “Aago mọ́kànlá àárọ̀ ò tíì lù, ẹ ti mutí yó? Ẹ gbé kámẹ́rà yẹn wá kí n wo ohun tẹ́ ẹ yà.”

Ènìyàn méjì mẹ́ta ti dúró tí wọ́n ń wòran. Bí ẹsẹ̀ Clive bá ṣì lè sáré bíi ti àtijọ́ ni, ì bá ti sá lọ. Ó wá rántí àpò rẹ̀. Ó yọ ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí ògiri kúkúrú tó wà níbẹ̀, ó ṣí i, ó sì fi ìka lé fọ́tò ilé ìgbọ́kọ̀sí.

“Wàràkàṣì,” ó sọ. Ó ṣí òmíràn. “Gbàgbé… Ṣòkòtò.” Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. “Irin. Tó ń wẹ̀.”

Ẹ̀ṣọ́ náà ń tẹ̀ lé ìka rẹ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkẹjọ, ó ti bọ́ fìlà rẹ̀ dání.

“Àìsàn ló mú ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu yín,” ó sọ.

Clive mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ má bínú, bàbá. Mo bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.” Ó yíjú sí àwọn tó ń wòran. “Kò sí nǹkan kan, ẹ máa lọ.” Curtis ni orúkọ rẹ̀, bí ó ṣe wà lára àmì àyà rẹ̀. Ó tọ́ka sí òkúta mẹ́ta náà. “Èyí ńkọ́? Kí lẹ pè é?”

Clive ronú. “Búrẹ́dì.”

“Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á o. Àwa tá a wà lẹ́nu ọ̀nà, Oúnjẹ Ọ̀sán Ọ̀gá là ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́.” Ó yọ bírò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà fún un, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kí Clive lè ya òun náà mọ́ ọn.

Nígbà tí Glenys dé láti Barnsley, Clive ti po tíì sílẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ó tó ròyìn tán, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí àbọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fìlà, ó ń fa imú bí ẹ̀ṣọ́. Glenys kò bá a sọ ẹyọ kan. Láti oṣù Kẹta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ mú ìròyìn wálé tí òun kò tíì mọ̀.

Bí Ruksana ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé ẹ̀bẹ̀ kan kalẹ̀. Àwọn mẹ́fà kan wà tí irú àìsàn Clive ti mú, wọ́n máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ṣé ó lè mú wọn rìn yí ìgboro ká?

“Rárá,” Clive dáhùn, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í ṣòro fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rò ó. Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ó dúró níwájú gbọ̀ngàn ìlú pẹ̀lú ìwé rẹ̀, àwọn mẹ́fà náà sì yí i ká, kálukú pẹ̀lú kámẹ́rà tàbí fóònù. Muriel Bagshaw wà lára wọn, obìnrin arẹwà kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Stanley ọkọ rẹ̀ ló dì í lápá mú. Stanley ti sọ fún Glenys létí pé láti ọdún Kérésì, “bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ìyàwó òun. Bí ènìyàn bá bi í bóyá òjò ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá kò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n sinmi díẹ̀. Wọ́n dé ibi ère àwọn obìnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n kọ́ ara wọn lápá, ère ìrántí àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ nílé ìrọ́rin nígbà ogun. Àwọn mẹ́fà gbé kámẹ́rà sókè. Clive ṣí ìwé, ó wúkọ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ, “àti àbúrò.”

Muriel sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo Clive.

“Rárá,” ó sọ.

Stanley yíjú wo ìyàwó rẹ̀ kíá.

“Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò,” Clive tún sọ, ó fi ìka gbá ojú ìwé.

“Rárá. Ọ̀… ọ̀rẹ́.” Muriel tú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó rìn lọ bá ère náà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí apá àwọn obìnrin méjèèjì ti kọ́ra. “Ọ̀rẹ́.”

“Ojú wọn,” Clive sọ. “Bákan náà.”

“Rárá!”

“Bákan náà!”

Glenys fẹ́ dá sí i, Stanley di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi wà lójú ọkùnrin náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, màá,” ó sọ, “ẹ jẹ́ kí wọ́n jà.”