Àbàwọ́n Lójú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ọkọ rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ gbé páálí náà wọlé. Ó gbé e lé èjìká láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá iwájú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì iléèwé ni ọkọ yìí, ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀, tí kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ohun tóun lè ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, lórí kọ̀ǹpútà kan tó ti di arúgbó, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, èèyàn lè wẹ̀, kó jẹun, kó tún fọ abọ́ tán kó tó jí dáadáa. Ọkọ wo ìyà yìí títí, ó wá ṣọ́ọ̀bù kiri láìsọ fún un, ó sì yan kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí fèrèsé.

"Ìyàwó mi, máa bọ̀!" Ó ń pariwo, ó ń fi ọ̀bẹ ya páálí. "Wá wo nǹkan! Kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní sinimá?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún kúnlẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, funfun báláú. Àfi igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Níbẹ̀, funfun náà kì í ṣe funfun. Ó pọ́n rúsúrúsú, bí àjà ilé tí òjò ti jò sí. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Obìnrin náà rò pé ìdọ̀tí ni, ó fi aṣọ nù ún. Ó tún nù ún. Ó gbé orí sápá ọ̀tún, ó gbé e sápá òsì. Àbàwọ́n náà kò kúrò lójú kan.

"Ẹ wo ibí yìí," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ó pọ́n?"

Ọkọ tẹ̀ba, ó sún mọ́ ọn. "Níbo?"

"Ibi tí mo na ìka sí yìí."

"Funfun ni mo rí."

"Ẹ tún un wò dáadáa."

"Ìyàwó mi, báwo ni n ó ṣe tún un wò jù báyìí lọ, àbí kí n wọ inú rẹ̀ ni? Funfun ni. Nǹkan tuntun ni kò tíì mọ́ ọ lára." Ó mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó jáde lọ gbé àwọn ọmọ iléèwé.

Láti ọjọ́ náà ni ara obìnrin yìí kò ti lélẹ̀ mọ́. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ìtàn lékèélékèé kan tó ṣìnà nígbà tó ń padà sílé, ẹyẹ funfun kan ṣoṣo ló sì wà nínú gbogbo àwòrán ibẹ̀. Bó bá ya ìyẹ́ ẹyẹ náà tán lápá ọ̀tún, á mọ́ nigínnigín. Bó bá sún àwòrán kan náà sápá òsì, á dà bí ẹyẹ tó ti yí nínú eruku. Á dìde, á pa aṣọ fèrèsé dé. Á jókòó, á tún dìde, á ṣí i. Ó yí tábìlì kọjú sí ògiri, ó yí i padà. Ó pààrọ̀ àga. Nígbà tí kò sí ohun tó kù tí yóò pààrọ̀, ó dúró láàárín yàrá, ó káwọ́ lérí.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, ti wọlé bá a, tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Ìyá àgbà kò tíì jókòó tó fi figbe ta.

"Yéè! Ta ló da tíì sí nǹkan tuntun báyìí? Èmi kọ́ o! Tèmi ló wà lọ́wọ́ mi yìí, kò tilẹ̀ tíì dín!"

Ó ti ń tutọ́ sétí ìró láti fi nu ojú kọ̀ǹpútà kí ìyàwó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ rí i?"

"Ó ṣe? Ṣé mo fọ́jú ni?"

Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá ọkọ rẹ̀ jó.

Nígbà tí dírẹ́bà dé lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó bá a dé iwájú tábìlì, ó fi ìka yí àbàwọ́n náà po bí ẹni ń pààlà ilẹ̀. Ọkùnrin náà wò, ó wò, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí ti gbìmọ̀ pọ̀," ó ní. "Bí ẹ kò bá fẹ́ ohun tí mo rà, ẹ sọ ọ́ jáde. Kí ẹ má fi àbàwọ́n tí kò sí níbẹ̀ lọ̀ mí."

Ìyàwó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan nǹkan kì í fẹ́ gbọ́ àléébù rẹ̀. Ìgbéraga ló rò pó ń ṣe ọkọ òun, ó sì tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti di mo rí i, n kò rí i, láàárín tọkọtaya, kò sí adájọ́ tó lè dá a. Ó ní òun á máa dọ́gbọ́n sí i. Níbi tó bá ti pọ́n, ó ń fi búlúù díẹ̀ kún àwọ̀ ẹyẹ náà títí á fi funfun lójú rẹ̀. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ látojú ìwé dé ojú ìwé, pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ló pè é lórí fóònù.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n bi yín: ṣé inú ìkòkò aró ni lékèélékèé yìí sùn ni?"

"Kí ló ṣe?"

"Apá rẹ̀ kan funfun, ìkejì búlúù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ẹyẹ aláwọ̀ méjì. Ẹ bá wa tún un ṣe kíákíá, a ò lè dá ẹ̀rọ dúró."

Ojú tì í débi pé kò lè jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí ọkọ dé, kò kí i kó tó sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká dá kọ̀ǹpútà yìí padà. Iṣẹ́ mi ti fẹ́ bọ́."

"A ó lọ," ni ọkọ dáhùn, bíi pé wọ́n pè é síjà. "A ó jọ lọ ni. Kí wọ́n sọ níwájú mi pé kò sí ohun tó ṣe é, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ọjọ́ tí iléèwé kò sí ni wọ́n di í sínú mọ́tò tiwọn. Ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ pé òun ló ń yẹ ẹ̀rọ wò níbẹ̀, gbà á lọ́wọ́ wọn láìjanpata. Ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, tọkọtaya náà tẹ̀ lé e, ó fa aṣọ fèrèsé dé, ó mú kí gbogbo ojú rẹ̀ di funfun, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Nínú àwọ̀ eérú ni àbàwọ́n náà ti yọ kedere.

"Òótọ́ lẹ sọ, ìyá," ó ní. "Iná tó wà lẹ́yìn dígí rẹ̀ ni kò tàn dọ́gba. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi yín. A máa fún yín ní òmíràn."

Ara ìyàwó fúyẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń retí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ náà ni ọkùnrin náà ṣì tẹjú mọ́. Obìnrin aláwò gbé òmíràn wá, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, ó tan méjèèjì. Ẹni tó bá ní ojú kò lè ṣì wọ́n mú. Fóònù rẹ̀ dún, ó ń jáde lọ gbà á, ó sì wí fún dírẹ́bà pé:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí tó bàjẹ́ yẹn sílẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ̀ba síwájú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Ó wo ti ọ̀tún. Ó wo ti òsì. Ó fi ìka ra ojú ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé èyí tó dára, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Obìnrin aláwò bú sẹ́rìn-ín nígbà tó padà dé. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ mà fẹ́ràn eré o!" Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lajú ni. Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìka tí ọkọ rẹ̀ fi ra ojú ẹ̀rọ ló ń wò.

Wọ́n ń padà lọ sílé, oòrùn kọjú sí wọn. Ìyàwó kò wo ọ̀nà. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀ ló ń wò. Ó rí i bó ṣe na ọrùn síwájú, bó ṣe ń dín ojú. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá. Mọ́tò wọn kò dẹwọ́ eré.

"Ẹ tẹ búrẹ́kì!"

Táyà ké. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ fò sẹ́yìn, ó ju èpè sí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Dírẹ́bà rọra dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

"Ṣé ẹ rí ọkùnrin yẹn?" ni ìyàwó bi í.

"Ọkùnrin wo?"

Ìyàwó na ìka sí ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ náà gbà lọ.

"Oòrùn ló wà lójú mi," ọkọ wí.

"Bàbá wọn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń gbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí i nínú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń lọ sókè sódò lẹ́bàá títì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń na ìka sí mọ́tò bíi pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà ló gbà. Ó ṣí ti ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Sún," ó ní. "Ìwọ ni kó o wà á."

Obìnrin náà mọ ọkọ̀ wà, ọkọ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó wà á. Ó wà á dé ilé bí ẹni gbé ẹyin. Gbogbo ọ̀nà ni ọkùnrin náà sì ń kọ́ ọ: "Pààrọ̀ jíà. Má fẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Jíà, mo ní!" Àárín ìkọ́ni yìí ló ti já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wẹ́wẹ́.

"Mo rò pé dígí bọ́ọ̀sì ló dọ̀tí ni. Àràárọ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù iná iwájú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo bá mẹkáníìkì jà pé ayédèrú ló fi síbẹ̀." Ó na ìka sí ọ̀pá jíà. "Jíà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá iléèwé. Ó ní kí wọ́n wá dírẹ́bà mìíràn títí òun yóò fi mọ ohun tó ń ṣe ojú òun. Ó sọ ọ́ tán, ó wọ yàrá, kò sì jẹun.

Dókítà ojú tan iná tín-ín-rín sí i lẹ́yinjú, ó ní kó wo òkè, kó wo ìsàlẹ̀. Ó yíjú sí àwọn méjèèjì.

"Nǹkan bíi kùrukùru ló ń bo inú ẹyinjú yín. Kì í dé lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan pọ́n lójú ẹni, ẹni náà kò sì ní mọ̀."

"Bàbá wọn ní kọ̀ǹpútà mi kò ní àbàwọ́n," ìyàwó sọ. Ẹjọ́ ló dà bíi pé ó ń rò.

"Wọn kò purọ́. Ẹni tí gbogbo ayé ti pọ́n lójú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí ibi kékeré kan tó pọ́n?"

Obìnrin náà gbójú sílẹ̀. Gbogbo ìgbéraga tó ti kà sí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn wá di ẹrù lórí tirẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ń wò ó sàn, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti dúró de ààyè.

Ìdúró náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọkùnrin tó ti mọ́ ọn lára láti máa jáde láàárọ̀ wá ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. "Jókòó, bàbá mi," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí, "o ti fẹ́ fẹsẹ̀ gbẹ́ kànga sínú ilé." Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kejì, tí ojú rẹ̀ mọ́ látòkè délẹ̀. Lékèélékèé padà di funfun, ilé ìtẹ̀wé gbà á, wọ́n tilẹ̀ yìn ín. Síbẹ̀, kò lè jókòó pẹ́. Bí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́, á dìde lọ wò ó. Bó bá gbọ́ ọ, á tún dìde.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yọ ohun tí wọ́n fi bò ó. Ọkùnrin náà sẹ́jú, omi dà lójú rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo aṣọ nọ́ọ̀sì, ó wá tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ṣe.

"Ìyàwó mi, irun rẹ ti hewú."

"Ó ti pẹ́."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ẹ ń pè mí ní ọmọge lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì ní láti yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ojú òsì ṣì kù, dókítà kò sì tíì gbà kó fọwọ́ kan ọkọ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde. Ọkùnrin náà ń lọ níwájú, ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù sókè ketekete, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ó sì fẹ́ rékọjá títì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ di í láṣọ mú lẹ́yìn.

"Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ti wò ó. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà dáhùn, kò sì tíì fi aṣọ náà sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà wò ó."