Irinṣẹ́ Tí Delbert Ń Wá

Láti àárọ̀ ni Delbert Hruska ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ó mú òkúta ìpọ́nrin kan, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn tó dán ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gbé òun náà sílẹ̀. Ó tan iná orí tábìlì, ó pa á, ó tún tàn án. Tí ẹ bá bi í pé kí ló ń wá, á ní irinṣẹ́ tó yẹ lòun ń wá. Irọ́ gbuu ni.

Ìbọn ìléwọ́ tuntun tí Janelle ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló tú palẹ̀ sórí táwẹ̀lì funfun níwájú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni Janelle ń lọ síbi ìdíje ìbọn yínyìn ti gbogbo ìpínlẹ̀ Nebraska, ìfà ìbọn náà, ibi tí ìka ń wọ̀ kí ìbọn tó yìn, sì le bí nǹkan míì. Bí ọmọ náà bá ti ń fà á, ọwọ́ rẹ̀ á yẹ̀, ọta á gba ẹ̀gbẹ́ àmì kọjá. Delbert ti ṣèlérí pé òun á bá a mú un rọ̀. Ta ni ì bá tún ṣe é? Ní ìlú kékeré yẹn àti gbogbo oko tó yí i ká, òun náà ni wọ́n ń gbé ìbọn wá bá.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Irin ìkọ́ kékeré kan wà nínú ìbọn tó di òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ mú; ìgbà tí ìka bá fa ìkọ́ yẹn kúrò ni òòlù ń já lulẹ̀. Bí ojú ìkọ́ bá rí gbágungbàgun, ìfà á le. Bí èèyàn bá fi òkúta dán an, á rọ̀. Àmọ́ bí òkúta bá fi díẹ̀ báyìí yẹ̀, ìkọ́ ò ní lè di òòlù mú mọ́, ìbọn sì lè yìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìfà. Ẹ sì wò ó, ọwọ́ Janelle ni ìbọn yẹn máa wà.

Ọwọ́ ọ̀tún Delbert sì ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti kórè àgbàdo.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Nídìí oúnjẹ, á fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, á tì í bọ àpò. Dókítà nìkan ló mọ̀, ó sì ti bẹ dókítà pé kó má sọ fún Marlys ìyàwó òun. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé irinṣẹ́ ló máa kó òun yọ. Ó ra irin ìdìmú kan tó máa di ìkọ́ yẹn mú gbọin-gbọin, ó ní kò dáa, ó ra òmíràn. Ó ra òkúta dúdú, ó ra funfun. Ó ra awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, irú èyí tí wọ́n ń dé sórí bíi fìlà. Nígbà tó dé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó ń gbọ̀n, ó tóbi bí itan àgbò. Ó yára bọ́ ọ kúrò.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan ń fẹsẹ̀ lu àtẹ̀gùn bọ̀ nísàlẹ̀. Virgil aládùúgbò wọn ni, ó gbé páálí kan dání.

"Delbert! Ilé mi ni wọ́n tún já ẹrù rẹ sí o. Kí ló wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?"

"Òkúta ni."

"Òkúta kẹ̀! Òkúta kún oko mi, ó ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́. O ò kúkú wá ṣà á lọ́fẹ̀ẹ́."

Marlys tó tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnu-àwo léjìká bú sẹ́rìn-ín. "Bá mi bi í, Virgil. Mo rò pé ilé ló fẹ́ kọ́ ni."

"Ṣé kò síṣẹ́ nílé rẹ ni, Virgil?" Delbert jágbe. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Virgil wo Marlys, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé páálí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Marlys ò lọ. "Sátidé ti dé tán, Del."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ká gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń ṣe é ní Lincoln ni?"

"Mo ní mo mọ̀! Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Marlys gòkè padà lọ. Ìbínú yẹn ló sì fún Delbert láyà, ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ó ya páálí, ó mú òkúta tuntun, ó di ìkọ́ mọ́ inú ìdìmú, ó fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó sé èémí. Ó fi òkúta fa ojú ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ dáadáa. Ó tún fà á, ó lọ. Ó ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín nígbà tí òkúta ké fíìn, tó sì yọ̀ gba etí ìkọ́ kọjá.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó to ìbọn náà padà, kò sí ọta kankan nínú rẹ̀. Ó fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó jọ̀ọ́ lọ. Ariwo kan ṣoṣo ló yẹ kéèyàn gbọ́, ti irin orí tó padé. Méjì ló gbọ́. Gbà! Lẹ́yìn náà, kẹ́. Òòlù kò dúró, ó tẹ̀ lé irin orí lọ. Ó tún un ṣe. Gbà. Kẹ́.

Lókè, omi ẹ̀rọ ilé ìdáná dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni Marlys ti ń gbọ́ iṣẹ́ orí tábìlì yẹn láti òkè, kò sí ìró rẹ̀ tí kò mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó tẹ̀ lé e," ó ní.

"Òkúta yìí ni. Òkúta radaràda ni wọ́n tà fún mi."

"Del."

"Ìdìmú yẹn náà ò dì í dáadáa. Kí n kàn ti ra èyí tó..."

"Delbert Hruska, yọ ọwọ́ rẹ nínú àpò."

Kò yọ ọ́. Marlys fúnra rẹ̀ ló ki ọwọ́ bọ àpò ọkọ rẹ̀, tó fa ọwọ́ náà síta, tó sì dì í mú. Ó ń gbọ̀n, kò sì ṣíwọ́.

"Ìgbà tí o ti dẹ́kun kọfí dídà fún mi láàárọ̀ ni mo ti mọ̀. Àbí afọ́jú lo rò pé o fẹ́ ni?"

Delbert wó jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀rù ń bà mí, Marlys. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí mi ò bá lè ṣe èyí mọ́, kí ni mo tún wúlò fún?"

"Ta ló máa wá máa bá mi jà?" Omi lé sójú obìnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó fi aṣọ ìnu-àwo nu ojú ara rẹ̀, ó sì fi nu ti ọkọ rẹ̀. "Ṣé ìkọ́ mìíràn wà?"

"Tuntun kan wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Ó dáa. Dìde kúrò níbẹ̀ kí n jókòó."

Ṣé ẹ rí Marlys yìí, òun ló ń rán kúbùsù alábùlẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ó dé awò sórí. "Jésù! Ṣé bí ọwọ́ mi ti hunjọ tó nìyí?" Ó wo gbogbo òkúta tuntun tó wà nílẹ̀, ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ògbólógbòó kékeré kan tí bàbá Delbert fi sílẹ̀. "Èyí ló bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Delbert dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó dijú, ó tẹ́tí.

"O ti ń tẹ̀ ẹ́ jù."

"O ò tiẹ̀ wò mí."

"Mò ń gbọ́ ọ. Ó ń ké. Jẹ́ kí òkúta lọ fúnra rẹ̀."

"Ta ló ń ṣe é, èmi àbí ìwọ?"

"Ìwọ ni," ni Delbert dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n to ìbọn tán, Marlys fa irin orí, ó jọ̀ọ́ lọ. Gbà. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó tún un ṣe títí ọwọ́ fi ń ro ó, òòlù ò mira. Wọ́n so òṣùwọ̀n irin mọ́ ìfà, bí àwọn aṣètò ṣe máa so ó lọ́jọ́ Sátidé láti mọ̀ pé kò rọ̀ jù. Wọ́n gbé ìbọn sókè tòun ti irin náà, òòlù dúró pa.

"Má sọ fún un," Delbert bẹ̀ ẹ́.

"Ẹnu mi kọ́ ló máa ti gbọ́."

Janelle dé lọ́jọ́ Fráìdé, láti ibi tó ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, bàtà rẹ̀ ń rùn fún ìgbẹ́ màlúù. Ó mú kolache kan, búrẹ́dì aládùn kékeré tó ní èso nínú, lórí àwo ìyá rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó yẹ ìbọn náà wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó fà á. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó tún fà á.

"Dádì! Èyí dáa ju tàwọn tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ! Ọwọ́ yín yìí, ẹ gbé e pamọ́ sí báńkì."

Marlys ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Delbert dọ́kàn, ó sì tún pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́ báyìí, ó ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Màmá rẹ ló ṣe é," ó ní.

Janelle rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, Dádì."

Delbert yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú àpò, ó sì gbé e lé táwẹ̀lì funfun lórí tábìlì. Àwọn pínnì irin kéékèèké tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Janelle. Ó rọra gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ti bàbá rẹ̀.