Àṣẹ Tí Ismaheel Fi Lé Fódà Mi Lórí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: èmi ni mo mú Ismaheel wọ ilé iṣẹ́ wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bíi tèmi. Ìpàdé àwọn ará ìlú wa ní Nyanya la ti mọra, nígbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lanu. Ẹni tó bá ti gbé Àbújá á mọ̀ pé ẹbí ni ará ìlú ẹni níbẹ̀. Mo mú un lọ bá ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ọmọ́níkẹ́, ní ọ́fíìsì àjọ ìlera tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, mo ní, "Mà, èmi ni mo dúró fún un." Bí àwa méjèèjì ṣe jọ ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá tí iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán tèmi, mo máa ń gbé tiẹ̀ náà.

Ní 2008, ìyá mi kú. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ni pásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú kọ̀ǹpútà yẹn wà, òfin ọ́fíìsì sì ni pé ẹni tó bá fi han ẹlòmíràn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni mo wá fẹ́ fi sílẹ̀ fún, bí kò bá ṣe ọmọ ìlú mi? Mo sọ ọ́ sí i létí ní gáréèjì kí mọ́tò tó gbéra. Mo dúró nílé títí a fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ojoojúmọ́ ni Ismaheel ń pè mí, á sì máa sunkún lórí fóònù.

Nígbà tí mo padà dé, mo kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà. Kò pẹ́, wọ́n ní àwọn ń wá olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ipò yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni Jàbárù ọkọ mi ti wà nílé láìníṣẹ́. Mo jókòó, mo kọ ètò kan sínú fódà ara mi: bí a ṣe máa to fáìlì àwọn aláìsàn tó wà ní Kuje àti àwọn ibòmíràn, tí ẹni tí kò kàn kò fi ní lè ka àṣírí wọn. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Ismaheel náà ní òun fẹ́ gbìyànjú, mo sì ṣàdúrà fún un. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé.

Bí èmi náà ṣe wọlé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọ̀gá ní kí n dúró ná. "Habeebah, ohun tí Ismaheel sọ fún wa tán báyìí nìyí, word for word. Ṣé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lo lọ jí wò ni?" Èmi! Ojú tì mí, mo dìde, mo jáde.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo bi í pé ta ló láṣẹ láti ka ohun tó wà nínú fódà mi. Orúkọ Ismaheel jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kì í ṣe pé ó kàn gba àṣẹ lórí fáìlì kan. Ó fi àṣẹ lé fódà fúnra rẹ̀ lórí, irú èyí tó jẹ́ pé fáìlì yòówù tí mo bá dá síbẹ̀ lẹ́yìn náà á jogún rẹ̀, òun náà á sì lè kà á. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní in. Mo yẹ̀ wọ́n wò: gbogbo èyí tí mo kọ kí ìyá mi tó kú ló mọ́, gbogbo èyí tí mo kọ lẹ́yìn tí mo dé lorúkọ rẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tí mo wà nídìí sàréè ìyá mi ló ṣe é.

Mo yọ àṣẹ náà kúrò lórí fódà, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn fáìlì ti jogún kò bá a lọ, àfi kí n máa yọ ọ́ lára wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà nígbà tí wọ́n kéde pé Ismaheel ló gba ipò náà. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi wọlé.

"Ismaheel, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kò tiẹ̀ jiyàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ní ilé tiyín, ẹ lọ́kọ. Èmi ń kọ́? Èèyàn mélòó la jọ ń sùn nínú yàrá kan ní Nyanya?"

"O ò bá bi mí! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin màmá mi, ò ń sunkún fún mi lórí fóònù, ọwọ́ ẹ wà nínú fódà mi!"

"Ẹkún yẹn, tọkàntọkàn ni mo sun ún."

Ìyẹn ló dùn mí jù, torí pé mo gbà á gbọ́.

"Màá lọ sọ fún ọ̀gá." Mo dìde.

"Ẹ lọ sọ ọ́. Wọ́n á bi yín pé ta ló fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù."

Mo ronú kan Jàbárù nílé. Mo jókòó padà. Ismaheel gbé bírò àti ìwé pélébé kan síwájú mi.

"Ọwọ́ olórí ẹ̀ka ló yẹ kí pásíwọ́ọ̀dù wà báyìí. Habeebah, yí i sí tuntun, kí o kọ ọ́ síbí fún mi."

Habeebah. Ẹnu tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n látọjọ́ yìí! Mo kọ ọ́ fún un. Ó ká ìwé náà sápò, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ròyìn ayọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ̀gbọ́n Habeebah wà níbí. Wọ́n ní kí n kí yín o."