Ẹ̀ta Tí Wọn Kò Kà fún Kuramoto

Ẹ gbọ́ àlá tí mo lá nínú oorun ọ̀sán àná. Inú ṣì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Mo bá ara mi ní Ósákà, nílẹ̀ Jàpáànù. Mo wọ ṣòkòtò péńpé ìjàkadì, mo dé fìlà abetí-ajá lé e, kò sì yà mí lẹ́nu. Láàárín gbàgede ìjà, ọkùnrin gìrìwò kan, Kuramoto, dùbúlẹ̀ lé ọkùnrin gìrìwò mìíràn, Tadano. Rẹfirí kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Okùn tó yí gbàgede ká ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí ọwọ́ yẹn ti wà lókè. Ẹgbẹ́ oníjàkadì Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ la jẹ́. Àwọn mẹ́fà ló dá a sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń sá ẹja. Nígbà tó yá, èrò ń wọ́ tọ̀ wá, wọ́n ń ju bébà aláràbarà lù wá láti fi yẹ́ wa sí. Àfi bí tẹlifíṣọ̀n ṣe kọ̀ wá sílẹ̀. Ìjà ìkẹyìn nìyí. Rẹfirí gbá ilẹ̀, ó ní ení. Ó tún gbá a, ó ní èjì. Ó gbé ọwọ́ sókè fún ẹ̀ta tí ìjà fi ń parí, ni ìwé bá dé láti ọ́fíìsì pé ẹgbẹ́ ti túká."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí o," Tadano sọ láti abẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí náà! Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Dìde, jàre!"

Kuramoto mi orí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bí wọn ò bá ka ẹ̀ta, n kò borí, òun náà ò sì tíì ṣubú. Kí ni màá wá sọ pé mo fi ayé mi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kí èèyàn fi eegun ara rẹ̀ sìn yín, kẹ́ ẹ má lè gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún un? Ìwà wo nìyẹn? Okùn nà sókè, mo sì gùn ún dé ọ́fíìsì tó léfòó lókè òrùlé. Ọ̀gá ibẹ̀ ń mu tíì.

"Ẹ̀ta?" ló wí. "Ẹgbẹ́ tó ti kú kì í kà. Kí àwọn mẹ́fà tó dá a sílẹ̀ wá fọwọ́ síwèé ná."

"Wọ́n ti kú!"

"Kí wọ́n wá sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn."

Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìwé ìtàn ẹgbẹ́ náà láti ojú ewé kìíní, títí ó fi ku ojú ewé Kuramoto nìkan. Mo gbá a mú níwo, mo dá a délẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e. "Ẹ kà á! Ẹ kà á fún mi!"

Bí mo ṣe lajú, ìrọ̀rí ló wà lábẹ́ mi nílẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àjíkẹ́, ta lẹ ń bá jà?"

"Ṣáà kà á!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka. "Ení. Èjì." Ni gílóòbù bá tàn. "Iná dé!" Ó sáré lọ tan ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó tún mú iná lọ.

Ẹ ò rí nǹkan? Mo gbé ọwọ́ ara mi sókè, mo gbá ilẹ̀ gbàmù. Ẹ̀ta! Kuramoto, dìde, máa lọ sílé.